Ìbẹ̀rù wọ ojúbọ òrìṣà ní Brazil

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, fídíò kan tàn káàkiri láti Nova Iguaçu, ìlú kan lẹ́bàá Rio de Janeiro. Àwọn ọ̀daràn tó ń ta oògùn olóró ká ìyálòrìṣà kan mọ́ ojúbọ rẹ̀, wọ́n ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ gbogbo ohun tó fi ń bọ òrìṣà. Bí ìyá náà ṣe ń fọ́ ọ ni wọ́n ń pe orúkọ Jésù lé e lórí, tí wọ́n sì ń ká a sínú fóònù.

Àwọn kan ń pe irú nǹkan báyìí ní ìjà ẹ̀sìn. Àwọn ọmọ Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ní Brazil, fúnra wọn ní ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Mo gbà pẹ̀lú wọn, nítorí ìtàn wà lẹ́yìn wọn.

Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Yorùbá, ilẹ̀ Fọn, Kóńgò àti Àǹgólà ló gbé ẹ̀sìn yìí dé Brazil. Títí dòní, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kí Ṣàngó àti Ọ̀ṣun nínú ọ̀pọ̀ ilé òrìṣà ní Salvador. Ilé kan tó lókìkí jù lọ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Casa Branca, oyè Ìyá Nasó, abọ̀ṣàngó ààfin Ọ̀yọ́, ló wà nínú orúkọ rẹ̀.

Ọdún 1888 ni Brazil fòpin sí oko ẹrú. Kò ju ọdún méjì lọ, òfin ìwà ọ̀daràn tuntun ti 1890 jáde, ó sì sọ ohun tí wọ́n pè ní idán àti oògùn ìbílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Òfin yìí ni ọlọ́pàá dì mú tí wọ́n fi ń ya wọ ilé òrìṣà. Wọ́n kó ìlù, wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n kó aṣọ òrìṣà lọ sí àgọ́ wọn. Ní Rio, wọ́n to ẹrù náà jọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì fi orúkọ idán dúdú pè é nínú ìwé ìjọba. Àwọn àgbà ẹlẹ́sìn jà fún un pẹ́ kí ohun tó lé ní 500 tó kúrò lọ́wọ́ ọlọ́pàá lọ́dún 2020, tí wọ́n sì kó o lọ sí Museu da República. Ní ìpínlẹ̀ Bahia, títí di 1976, ilé òrìṣà gbọ́dọ̀ gbàwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó lu ìlù ọdún rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kankan kò gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká wo àwọ̀ ara àwọn tí wọ́n dá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́dún 2014 pàápàá, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Rio kọ ọ́ sílẹ̀ pé Candomblé àti Umbanda tó fara jọ ọ́ kì í ṣe ẹ̀sìn, pé wọn kò ní ìwé mímọ́ bíi Bíbélì tàbí Kùránì, wọn kò sì ní Ọlọ́run kan tí wọ́n ń sìn. Ariwo pọ̀ kí ó tó yí èrò náà padà. Ẹni tó mọ Olódùmarè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jìnnà sí òtítọ́ tó.

Ẹ̀mí ti bá ọ̀rọ̀ yìí lọ. Ní oṣù Kẹwàá 1999, ìwé ìròyìn ìjọ ajíhìnrere Universal tẹ àwòrán Ìyá Gilda, ìyálòrìṣà ní Salvador, sábẹ́ àkọlé tó pe àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ẹlẹ́tàn. Lẹ́yìn náà làwọn ẹlẹ́sìn mìíràn ya wọ ilé rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2000. Àwọn ọmọ rẹ̀ pe ìjọ náà lẹ́jọ́, wọ́n sì jàre. Láti 2007 ni òfin ti ya ọjọ́ ikú rẹ̀ sọ́tọ̀ jákèjádò Brazil láti gbógun ti irú ìkórìíra yìí.

Báwo ni ọ̀daràn ṣe wá di jagunjagun Jésù? Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni púpọ̀ nínú ìdáhùn wà. Àwọn pásítọ̀ ajíhìnrere a máa wàásù níbẹ̀, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ oògùn kan sì gba ìjọ láìfi òwò wọn sílẹ̀. Ní àríwá Rio, ẹgbẹ́ kan so àwọn àdúgbò tó gbà pọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Complexo de Israel, wọ́n sì gbé ìràwọ̀ Dáfídì sókè. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti aṣọ funfun lè fa ìyà, ẹni tó ń bọ òrìṣà a sì kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Òfin ìgbésùnmọ̀mí tí Brazil ṣe lọ́dún 2016 dárúkọ ìkórìíra nítorí ẹ̀yà, àwọ̀ àti ẹ̀sìn, bí ète rẹ̀ bá jẹ́ láti da ẹ̀rù bo ará ìlú. Èmi kò mọ ohun tó tún bá àpèjúwe yìí mu ju kí a fipá lé odidi àdúgbò kúrò nídìí òrìṣà wọn. Síbẹ̀, wọ́n sábà máa ń ka irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sí ìdúkokò tàbí ìbàjẹ́ dúkìá.

Ìṣèlú kò jìnnà síbẹ̀. Ètò ìkànìyàn 2022 fi hàn pé bí 27 nínú 100 ará Brazil jẹ́ ajíhìnrere; àwọn ọmọ Candomblé àti Umbanda kò ju 1 lọ. Àwọn olóṣèlú mọ ibi tí ìbò pọ̀ sí. Ní oṣù Kẹjọ 2022, Michelle Bolsonaro, ìyàwó ààrẹ ìgbà náà, pín fídíò Lula, ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ du ipò ààrẹ, níbi tí wọ́n ti ń da guguru sí i lára ní Salvador láti súre fún un. Ọ̀rọ̀ tó bá fídíò náà rìn ni pé Lula ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lélẹ̀ nítorí ìbò. Lula wọlé, ó sì fọwọ́ sí òfin méjì ní oṣù Kìíní 2023: ọ̀kan fi ọjọ́ 21 oṣù Kẹta dá Candomblé lọ́lá, èkejì mú kí èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá.

Lọ́dún 2023 yẹn kan náà, nílé níbí, ní Ìlọrin, ìyálòrìṣà kan fẹ́ ṣe ọdún ìṣẹ̀ṣe, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan sì wá kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ wáyé. Wọ́n fagi lé ọdún náà. Wọlé Ṣóyínká kọ̀wé ránṣẹ́ sí Ẹ́míà, ó bá a wí. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n ní Ìlọrin, èdè kan náà, nítorí náà àwa kò lè pe tiwa ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ṣùgbọ́n ìwàásù tó ń pe òrìṣà ní èṣù ní Rio, ọ̀pọ̀ wa ń gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ níbí, a sì ń ṣe àmín sí i.