Ojú tí ọṣán rẹ̀ ti dẹ̀

Bí bàbá Ànàgó kan tó dàgbà sídìí òwò ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, bá ní kátáráàtì, àlàyé tí yóò gbọ́ kò gùn: dígí inú ojú rẹ̀ ló ti funfun, wọn yóò yọ ọ́, wọn yóò fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú kan wà tí kì í gbà bẹ́ẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ wo dùndún. Ọṣán ló fa awọ rẹ̀ le. Dígí inú ojú náà ní ọṣán tirẹ̀, okùn tín-ín-rín tó gbé e kọ́ sẹ́yìn ọmọlójú. Nínú àìsàn pseudoexfoliation, tí dókítà John Lindberg ṣàpèjúwe ní Finland lọ́dún 1917, nǹkan funfun bí eérú a máa ṣù sétí ọmọlójú, sójú dígí àti sára okùn wọ̀nyí. Àwọn àgbà ló ń mú. Okùn a máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eérú yẹn tún lè dí ibi tí omi inú ojú ń gbà jáde, kí ó sì di glaukómà.

Kí abẹ tó kan ojú ló ti yẹ kí dókítà mọ̀ pé àìsàn yìí wà níbẹ̀. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: wọ́n kán oògùn, ọmọlójú kọ̀, kò ṣí tó. Bí ojú bá yí, dígí ń mì.

Lórí tábìlì, ìkọ́ kéékèèké ni wọ́n fi ń fa ọmọlójú gbòòrò. Wọn yóò la ẹnu àpò dígí náà dáadáa, kí ohun inú rẹ̀ lè jáde láìsí pé wọ́n ń fà á tìpátìpá. Bí okùn apá kan bá ti já, òrùka tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò pàdé ni wọn yóò tì bọ inú àpò náà, kí ẹrù lè pín yíká. (Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti kátáráàtì ṣubú sínú ojú kiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ já okùn yìí. Ohun tí dókítà ń fi gbogbo agbára sá fún nìyẹn!)

Iṣẹ́ kò tíì parí. Ìfúnpá inú ojú lè ga láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Okùn tó kù sì ń dẹ̀ sí i: dígí tuntun lè yẹ̀ kúrò ní ipò lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bí bàbá bá ní òun ti ń ríran kedere, kí ni òun tún ń padà lọ ṣe, kí ọmọ rẹ̀ gbé e sẹ́yìn ọ̀kadà.