Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ìbákà tó ń bẹ̀rù ilé tuntun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ sin ìbákà ní Màkókò, èéfín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, kẹ́ ẹ tó ro oúnjẹ. Ẹja yíyan ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ìyá níbẹ̀. Èéfín tí àwa kàn máa wúkọ́ sí lè pa ẹyẹ kékeré. Ẹ gbé kéèjì jìnnà sí ààrò, síbi tí atẹ́gùn ọ̀sà ti ń fẹ́. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí iwájú nìkan ṣí sílẹ̀, torí ẹyẹ tó ń ṣọ́ gbogbo ọ̀nà kì í ráyè jẹun.

Ẹ bi ẹni tó tà á léèrè ohun tó ń jẹ. Bó bá jẹ́ jéró, jéró náà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ máa bu oúnjẹ tuntun mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ewé tẹ̀tẹ̀, ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi tó ń bà lé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà rèé: ìbákà máa ń bó jéró, á sì fi èèpo sílẹ̀ nínú àwo. Lójú yín, àwo kún. Ebi ń pa ẹyẹ. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, èèpo á fò lọ. Bó bá wú ìyẹ́, tó jókòó sí ìsàlẹ̀ kéèjì, ẹ padà sí oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà.

Ní tèmi o, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nínú igbó, ẹ má rà á. Àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti dá kíkó irú wọn wọlé dúró láti 2005, nítorí àrùn ẹyẹ.