Ìṣirò táwọn oníbíà fi ń ka yíìsì ló ń tú àṣírí ìràwọ̀ ayédèrú!

Ta ló mọ òpópónà Ọba Akran n'Ìkẹjà tí kò mọ Guinness? Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni iléeṣẹ́ náà ti ń pọn ọtí dúdú rẹ̀ n'Ìkẹjà, àìmọye òṣìṣẹ́ ló sì ti jí láàárọ̀ kùtù l'Ágége wọkọ̀ lọ síbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ni pé ìṣirò kan tí òṣìṣẹ́ Guinness lò láyé àtijọ́ náà làwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń lò láti mọ ìràwọ̀ gidi yàtọ̀ sí ayédèrú.

Dublin, olú-ìlú Ireland, lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1899, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Gosset ríṣẹ́ sí Guinness. Wàhálà tó bá níbẹ̀ ni ìwúkàrà, ìyẹn yíìsì tó ń mú ọtí hó. Kò gbọ́dọ̀ kéré jù, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Àmọ́ ẹ̀kán díẹ̀ péré ni wọ́n lè gbé sábẹ́ máíkírósíkóòpù láti kà á, bí wọ́n bá sì tún un kà, iye tí wọ́n máa rí kì í bára mu. Èwo ni kí wọ́n wá gbà gbọ́?

Lọ́dún 1907, Gosset kọ̀wé lórí bí àṣìṣe inú irú kíkà bẹ́ẹ̀ ṣe ń tó. Ẹ wá wo nǹkan: iléeṣẹ́ ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ gbé ìwé jáde, lọkùnrin náà bá fi orúkọ bojú, ó ní 'Student' lòun ń jẹ́! Poisson, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti kọ òfin ìṣirò náà sílẹ̀ lọ́dún 1837, ṣùgbọ́n Gosset wà lára àwọn tó fi han ayé pé ó wúlò lẹ́nu iṣẹ́.

Kí ló wá kan ìràwọ̀ níbẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní ultraviolet. Ojú èèyàn ò lè rí i, bẹ́ẹ̀ ó wà lára ohun tó ń mú kí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn ṣá. Àwọn ìràwọ̀ tó gbóná janjan ló ń tú u jáde jù, àmọ́ afẹ́fẹ́ ozone tó wà lókè ń dí púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí NASA, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi gbé ẹ̀rọ awò GALEX lọ sófurufú ní April 28, 2003. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ títí di 2013, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ka ìmọ́lẹ̀, bí Gosset ṣe ń ka yíìsì.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ọ̀run ò ṣófo. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ń já sínú àwòrán, ìràwọ̀ wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù kan ní Computer Village ṣàpèjúwe. Ká ní oníbàárà kan ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú kan, bá a bá pín in dọ́gba. Ìṣẹ́jú kan á wà tẹ́nikẹ́ni ò ní wọlé, òmíràn á wà tí èèyàn márùn-ún á ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé torí ìyẹn lọ́jà ṣe gbóná? Rárá o, bó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ẹ wá pín àwòrán ojú ọ̀run sí àpótí kéékèèké mílíọ̀nù kan, kó jẹ́ ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá pín in dọ́gba. Bí ẹnì kan bá ní àpótí tó bá ti ní márùn-ún, ìràwọ̀ ni, àpótí bíi 3,660 ló máa tàn án jẹ, láìsí ìràwọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀! Ìṣirò tó wọ́pọ̀, èyí tí àwòrán rẹ̀ rí bí agogo, á sọ pé bíi 32 péré ni. Irọ́ gbáà! Bí wọ́n bá dá ààlà sí mẹ́wàá, bí ẹyọ kan ló máa ṣini lọ́nà nínú àpótí mílíọ̀nù mẹ́sàn-án. Àmọ́ bí ààlà bá ga jù, ìràwọ̀ gidi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò pọ̀ á bá a lọ. Ìdí nìyẹn táwọn tó ṣètò àwòrán GALEX fi lo ìṣirò Poisson láti mọ iye tí òkùnkùn nìkan lè mú wá, kí wọ́n tó pe ohunkóhun ní ìràwọ̀.

Ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wo ibi tó ṣókùnkùn á jèrè. Ọdún 1596 ni wọ́n ti mọ ìràwọ̀ Mira. Ó lé ní irinwó ọdún tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ pé ó nírù! Lọ́dún 2007 ni GALEX tú àṣírí yẹn, ìrù tó gùn débi pé ọdún mẹ́tàlá ni ìmọ́lẹ̀ máa fi rìn ín já.

Ọ̀rọ̀ náà kan ará ilé iṣẹ́ pẹ̀lú. Kúọ́lítì kọ́ńtírò tó rí ìgò márùn-ún tí ò kún nínú ọjà kan, ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni, àbí bó ṣe máa ń rí nìyẹn? Bó bá pa ẹ̀rọ láìnídìí, iṣẹ́ dúró, ọ̀gá á fárígá. Bó bá fojú fò ó, ọjà burúkú dé ọwọ́ oníbàárà. Ẹni tí ò bá sì mọ iye ìgò tí kì í kún lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ geere, kò lè mọ èyí tí òun máa ṣe.