Ẹni Méjì, Ìsọ̀ Kan: Ohun Tí Tẹ́níìsì Kọ́ Wa Ní Alákijà

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹjọ́ kan dé iwájú ẹgbẹ́. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ní ìsọ̀ kan, ata àti tòmátì ni wọ́n ń tà, ní àwọn fẹ́ pínyà. Ọ̀kan ló ń jí lọ sí Mile 12 ní ìdájí lọ kó ọjà, èkejì ló ń jókòó tà á. Ẹni tó ń lọ Mile 12 ní òun lòun ń jìyà, ẹlòmíì ló ń ka owó. Ẹni tó jókòó ní ẹnu òun ló ń ta ọjà, bí kì í bá ṣe tòun, gbogbo tòmátì ì bá ti rà. Ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ṣú, a ò rí i parí.

Nígbà tí a délé, ọmọ wa ń wo tẹ́níìsì nínú tẹlifíṣọ̀n, obìnrin méjì sí obìnrin méjì. A jókòó tì í, a ní kó ṣàlàyé fún wa. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fẹ́ sọ fún yín.

Pápá eré yìí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 78. Bó bá jẹ́ ẹnì kan sí ẹnì kan, ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 27. Bí wọ́n bá di méjì sí méjì, ó di 36. Ẹ ò rí nǹkan! Èèyàn di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ ò di ìlọ́po méjì. Ìsọ̀ wa náà nìyẹn, ẹ ó ṣáà máa fara kanra ni.

Ọ̀kan á dúró lẹ́yìn, á gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Èkejì á dúró níwájú, lẹ́bàá àwọ̀n. Ẹni ẹ̀yìn lè sáré títí kó làágùn, kí ẹni iwájú kàn gbá ẹyọ kan ṣoṣo kí ọ̀rọ̀ parí, kí èrò máa pàtẹ́wọ́ fún un. Àmọ́ pọ́ìntì tí wọ́n bá gbà, ti àwọn méjèèjì ni. Kò síbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ pé lágbájá ló jẹ ẹ́. Wọ́n sì ń pààrọ̀ o. Ẹni tó bá gbá a wọlé lẹ́ẹ̀kan, nígbà tó bá tún kàn wọ́n, ẹnì kejì rẹ̀ ni yóò gbá a.

Ta ló mọ̀ ọ́n gbá tó Venus àti Serena Williams? Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àdúgbò mẹ̀kúnnù ní Compton, ní California, ni wọ́n ti dàgbà, Richard bàbá wọn àti Oracene ìyá wọn ló kọ́ wọn. Ìdíje ńlá mẹ́rin ló wà lágbàáyé, ti Australia, ti France, ti Wimbledon ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti ti Amẹ́ríkà. Láti 1999 títí dé 2016, ìgbà 14 làwọn méjèèjì jọ dé àṣekágbá níbẹ̀, ìgbà 14 náà ni wọ́n borí. Wọ́n tún jọ gba wúrà Olympic ní 2000, ní 2008 àti ní 2012.

Wọ́n ti dé Èkó wa níbí rí o. Ní 2012 ni. Pápá Lagos Lawn Tennis Club ní Oníkàn ni wọ́n ti gbá a fún èrò wò, Venus ẹ̀gbọ́n ló sì borí. Oníkàn yẹn kan náà làwọn obìnrin ilẹ̀ òkèèrè ti wá díje fún ife Gómìnà, ti ẹni méjì sí méjì sì wà níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an rèé. Ní Wimbledon ọdún 2008, Venus àti Serena ló pàdé ara wọn ní àṣekágbá ẹnì kan sí ẹnì kan. Venus na àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn méjèèjì tún jáde, wọ́n dúró sí apá kan náà, wọ́n sì jọ gba ife ti ẹni méjì. Ta ni nínú wa tí ó lè ṣe é? Kí ẹnì kejì rẹ ti gba ife mọ́ ọ lọ́wọ́ lọ́sàn-án, kí o sì bá a fẹsẹ̀ kan náà dúró lálẹ́!

Ti owó náà tún wà ńbẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tí Wimbledon ti ń fún ọkùnrin lówó ju obìnrin lọ. Venus wà lára àwọn tó yarí. Ní 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san iye kan náà, òun Venus ló sì gba ife obìnrin lọ́dún yẹn, £700,000, kò fi kọ́bọ̀ kan dín sí ti ọkùnrin. Ẹni tó bá mọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ tó, kì í dákẹ́. Ìdí nìyí tí a ò fi dá ẹni tó ń lọ Mile 12 lẹ́bi pé ó sọ̀rọ̀.

A gbé ọ̀rọ̀ náà padà lọ bá Ìyálọ́jà wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá pe àwọn méjèèjì. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá pínyà lónìí, ta ló lè dá apẹ̀rẹ̀ tòmátì kan rà nínú yín?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n wá pàṣẹ pé kí wọ́n máa pààrọ̀, ọ̀sẹ̀ kan lágbájá lọ Mile 12, ọ̀sẹ̀ kejì tàmẹ̀dò. Kí ìwé owó wà lórí tábìlì, kí àwọn méjèèjì jọ máa kà á lálaalẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Ẹni tó ń jókòó tẹ́lẹ̀ ti rí Mile 12 lójú, ó ní òun ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe le tó. Ẹnì kejì náà ti rí i pé kì í ṣe ṣeréṣeré la fi ń ta tòmátì tó ti ń rọ̀. Wọn ò tíì máa bá ara wọn rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìsọ̀ ṣí, oníbàárà ò sì lọ síbòmíì.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ní ìsọ̀, ẹ̀yin tí ẹ jọ ń dá àjọ, ẹ rò ó wò o. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ìyẹn lọwọ́ fi ń mọ́. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ìjà tí yóò fọ́ ọjà wa. Àmín o.