Ta Ló Ń Fún Ẹ́ńjìnnì Láfẹ́fẹ́ Nígbà Tí Awakọ̀ Bá Gbẹ́sẹ̀ Kúrò Lórí Iná?

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, awakọ̀ á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ọkọ̀ á dúró, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò ní kú. Á máa yí ní nǹkan bí ìgbà 700 láàárín ìṣẹ́jú kan, á sì máa gbé ẹ́ẹ̀sì. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní “slow” nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e ró. Kí kílógíráàmù epo bẹtiróòlù kan tó lè jó tán, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó kílógíráàmù 14.7. Inú throttle ni afẹ́fẹ́ náà ń gbà wọlé, pálátì róbótó kan sì dí ọ̀nà ibẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ iná, pálátì á ṣí. Bó bá gbẹ́sẹ̀, á tì. Bó bá wá tì pátápátá tí afẹ́fẹ́ ò rí ibòmíràn gbà, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn.

Láyé kábúrétọ̀, síkúrù kékeré kan ló ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Lára Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó lọ́dún 1975, mẹkáníìkì á ki síkúrúdíráfà bọ̀ ọ́, á yí i díẹ̀, á tẹ́tí sí ìró ẹ́ńjìnnì, á tún yí i padà díẹ̀. Iṣẹ́ etí gidi ni. Àmọ́ síkúrù ò mọ òwúrọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán: bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ọ́ìlì inú rẹ̀ á ki, yóò sì nílò afẹ́fẹ́ àti epo ju ti ìgbà tó gbóná lọ.

Èéfín ọkọ̀ tó ń da àwọn ará California láàmú ló mú àyípadà yá. Lọ́dún 1967, Bosch ti ilẹ̀ Jámánì gbé ẹ̀rọ D-Jetronic, tó ń fi iná mànàmáná wọn epo, sínú Volkswagen 1600 tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n la ọ̀nà kékeré kan fún afẹ́fẹ́ láti yí pálátì ká; bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń gbóná, ọ̀nà náà á máa tì fúnra rẹ̀.

Ìyẹn yanjú ọ̀rọ̀ òtútù. Ẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Bí awakọ̀ bá tàn án, ẹrù tuntun dé bá ẹ́ńjìnnì lójijì, slow á sì wálẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi fáàfù tó ń gbọ́ràn sí brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, lẹ́nu sí ọ̀nà kékeré yẹn. Bí ọwọ́ bá ti kan bọ́tìnì ẹ́ẹ̀sì, brain box á ṣí fáàfù náà díẹ̀ sí i kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí, BMW ti so pálátì fúnra rẹ̀ mọ́ mọ́tò iná kékeré nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó ní sílíńdà méjìlá, kò sí wáyà láti ẹsẹ̀ awakọ̀ mọ́. Nínú irú throttle bẹ́ẹ̀, bí iná mànàmáná bá já, sípíríǹgì á fi pálátì sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, kí ọkọ̀ lè rá dé ẹ̀gbẹ́ títì.

Irú èyí ló wà nínú ọ̀pọ̀ tókunbọ̀ òde òní, ibẹ̀ ni ìnira sì ti ń bá àwọn onímọ́tò. Ooru ọ́ìlì tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì padà wá máa ń lẹ̀ mọ́ etí pálátì, á gbẹ, á dúdú bí ọ̀dà. Àlàfo á fún. Brain box á mọ̀, á máa ṣí pálátì díẹ̀díẹ̀ sí i láti dí àìtó náà, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láìjẹ́ pé awakọ̀ fura. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ throttle, afẹ́fẹ́ á pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á máa ké. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí síkúrù tí ilé iṣẹ́ ti lẹ̀ pa. Kò dára rárá, torí brain box ń fi ibi tí síkúrù yẹn dá pálátì dúró sí ṣe òǹkà.

Ohun tó yẹ ni kí wọ́n jẹ́ kí brain box tún ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ́. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kò fẹ́ ju kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kí wọ́n pa ẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ lórí slow fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Òmíràn ń fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ brain box wò.