Ṣé o mọ̀? Èkó ni Jipcho ti fo igi, fo omi, gba wúrà

Oṣù Kìíní ọdún 1973 ni Ìdíje Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, l'Ékòó. Ben Jipcho, ọmọ Kẹ́ńyà, ló gba wúrà nínú eré ìje ọkùnrin tí wọ́n ti ń fo igi àti omi. Ó tún gba ti 5,000 mítà mọ́ ọn! Ó yẹ kí àwọn ọmọ wa máa gbọ́ ìtàn yìí nílé ìwé.

Eré fífo igi àti omi náà le gan-an. Nínú 3,000 mítà, ẹ̀ẹ̀mejìdínlọ́gbọ̀n ni sárésáré máa fo igi tí kò ní omi lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀meje ni yóò fo èyí tí kòtò omi wà lẹ́yìn rẹ̀. Igi ọ̀hún ga tó sẹ̀ǹtímítà 91. Kì í ṣubú; ẹni tó bá kọ lù ú ló ń ṣubú. Ìdí nìyí tí òmíràn fi ń tẹ orí rẹ̀ kọjá.

Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, Jipcho sá eré yìí ní Helsinki ní ìṣẹ́jú 8 àti ìṣẹ́jú-àáyá 14. Títí di ìgbà náà, kò sẹ́ni tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.