Òṣùká Dé Amẹ́ríkà: Ohun Tí Mo Rí Lọ́dọ̀ Olùkọ́ Lẹ́sìn Ọmọ Ọmọ Mi

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló bi mí léèrè pé kí ni mo rí mú bọ̀ láti Amẹ́ríkà, níbi tí mo ti lọ fi oṣù mẹ́rin tọ́mọ ní ọdún 2024. Ẹni tó ń retí báàgì àti bàtà ti gba tirẹ̀. Èyí tó kù nínú ẹrù mi ni mo fẹ́ kọ síbí yìí, torí ó kan ẹnikẹ́ni tó bá ń sanwó lẹ́sìn fún ọmọ, ì báà jẹ́ ní Houston, ì báà jẹ́ ní ẹ̀yìn ọjà wa níbí.

Ọmọ mi obìnrin ló bímọ. Nọ́ọ̀sì ni, Houston ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Àkọ́bí wọn, obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà náà, ó wà ní kíláàsì kọkànlá, èyí tó dà bí SS2 tiwa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo wọ gáréèjì wọn, mo bá páálí gígé, wáyà, àkísà àti ìṣù amọ̀ gbígbẹ káàkiri ilẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ yìí mà dọ̀tí o! Mo gbálẹ̀, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí tó wà níta. Bí ọmọ náà ṣe ti ilé ìwé dé, igbe ló fi bọnu: "Màámá, iṣẹ́ mi dà? Ṣé ẹ ti kó o dànù ni?" Ọlọ́run ló yọ mí, ọkọ̀ akólẹ̀ kò tíì dé. Èmi àti ẹ̀ la jọ kó wọn jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Àṣé iṣẹ́ ìdánwò ni mo fẹ́ dà nù. Ìdánwò kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní AP, College Board ló ń ṣe é. Ọmọ girama ló ń jókòó sí i, ṣùgbọ́n ìwọ̀n yunifásítì ni. Bí máàkì bá dára, yunifásítì mìíràn á ka ẹ̀kọ́ náà sí èyí tí ọmọ ti ṣe, kò ní sanwó rẹ̀ mọ́. Máàkì 1 sí 5 ni wọ́n ń fún èèyàn, 5 ló ga jù. Ti iṣẹ́ ọnà pín sí mẹ́ta, èyí tí ọmọ ọmọ mi ń ṣe ni 3-D Art and Design, ìyẹn iṣẹ́ ọnà tó dúró lórí ilẹ̀ tí èèyàn lè yí po: ère, ìkòkò, aṣọ, ilé kékeré tí wọ́n fi páálí kọ́.

Kò sí pé wọ́n ń jókòó sí gbọ̀ngàn kan fún wákàtí mẹ́ta. Fọ́tò iṣẹ́ ni ọmọ yóò fi ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún. Ní apá kìíní, ọmọ yóò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan, yóò máa fi ọwọ́ rẹ̀ wá ìdáhùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, yóò sì fi fọ́tò 15 hàn bó ṣe gbìyànjú, bó ṣe kùnà, àti bó ṣe tún un ṣe. Ìyẹn ló gba 60 nínú 100. Ní apá kejì, yóò mú márùn-ún tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, fọ́tò méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn gba 40. Yóò kọ ohun èlò àti ìwọ̀n rẹ̀ sí i, àti àlàyé ṣókí. Nígbà tí mo bèèrè ìdí tó fi jẹ́ fọ́tò méjì, ọmọ náà ní nítorí kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Mo ní ìyẹn yé mi dáadáa. Ta ló ń ra iṣu láì yí i wò?

Ilé ìwé wọn ní olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn òbí fi gba olùkọ́ lẹ́sìn, òyìnbó obìnrin kan tó ń mọ amọ̀. Gbogbo Sátidé ló ń wá, wákàtí méjì, wákàtí wákàtí ni wọ́n sì ń san owó rẹ̀. Ọmọ mi dárúkọ owó náà fún mi. Mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, ní ọdún tí dọ́là kan ti ré kọjá ẹgbẹ̀rún náírà, mi ò lè mu tíì mi tán.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo gbé àga mi sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí n lè rí ohun tí a ń sanwó fún. Obìnrin yìí kò fọwọ́ kan nǹkan kan! Ó jókòó, ó ń bèèrè ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí eléyìí fi ga tó báyìí? Bí o bá dojú rẹ̀ délẹ̀ ńkọ́? Kí ló wó lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ló sì fà á? Mo yọ́ sọ fún ọmọ mi ní Yorùbá pé, "Ṣé owó ìjókòó lẹ ń san ni?" Ó ní, "Ẹ fara balẹ̀, Mọ́mì."

Ìbéèrè tí ọmọ yẹn mú ni báwo ni orí èèyàn ṣe ń gbé ẹrù tó ju orí lọ. Fọ́tò èmi gan-an ló ti rí i, èyí tí mo fi gbé agbada abọ́ sórí nígbà tí mo ṣì ń kiri. Ó fi amọ̀ ṣe orí, ó fi páálí ṣe abọ́ tò lé e. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣubú. Olùkọ́ náà bi í pé kí ló wà láàárín ẹrù àti orí nínú fọ́tò yẹn. Kò mọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ló wá bá mi nínú yàrá. Mo tú ìborùn mi, mo lọ́ ọ, mo ká a, mo fi òṣùká hàn án. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Yorùbá pọ́ńbélé, kò rí òṣùká rí láyé rẹ̀! Ó gbé e lérí, ó gbé ìwé lé e, ó rìn yíká ilé. Láti ọjọ́ náà, òṣùká di iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi aṣọ ṣe é, ó fi wáyà ṣe é, ó fi páálí ṣe é, ó sì fi amọ̀ ṣe é.

Ti amọ̀ ni mo ti rí i pé obìnrin yẹn mọ iṣẹ́. Òṣùká amọ̀ àkọ́kọ́ tí ọmọ mọ nípọn bí apá. Olùkọ́ ní kó gé e sí méjì, kó gbẹ́ inú rẹ̀, kó jẹ́ ìwọ̀n ìka kan, torí omi máa ń há sínú amọ̀ tó nípọn, bí iná ìléru bá mú un, omi yẹn á di oru, á sì fọ́ ọ. Ọmọ rò pé ó ń dẹ́rù ba òun ni. Ó gbé èyí tó nípọn lọ sí ìléru ilé ìwé, ó sì di àfọ́kù. Lẹ́yìn ìyẹn ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan ha ojú amọ̀ méjèèjì kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀, tí wọ́n á fi amọ̀ tó rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu lẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé àwọn ìyá alámọ̀ Ìpetumodù àti Ìlọrin ti mọ èyí kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi, gbangba ìta ni wọ́n sì ti ń fi igi àti koríko sun ìkòkò wọn. Mo yọ náírà ogún nínú pọ́ọ̀sì mi, mo fi Ladi Kwali hàn án, obìnrin alámọ̀ tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó náà. Ó gba owó yẹn lọ́wọ́ mi, kò dá a padà di òní.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ló kù. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Òṣùká ńlá kan, àǹkárá gígé tí wọ́n lọ́ mọ́ wáyà, ló fẹ́ fi gbé abọ́ amọ̀ méje. Kò le, ó ń tú. Ọmọ ń sunkún, títí oorun fi gbé e lọ lórí àga. Àánú ṣe mí. Mo jókòó, mo tú gbogbo rẹ̀, mo lọ́ ọ bí èèyàn ti í lọ́ ọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, ó le bí igi, ó sì dára, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ní Sátidé, olùkọ́ yí i po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní ọwọ́ òsì ni ọmọ yìí ń lò, apá òsì ni gbogbo òṣùká rẹ̀ ń lọ́ sí, ọ̀tún sì ni ti èyí. Ẹnu mi wọhò. Ó wá ṣàlàyé òfin wọn: iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ni, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti olùkọ́ tàbí ti òbí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tó ń dá ronú ya àwòrán. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n lè fagi lé máàkì rẹ̀. Ọmọ mi bínú, ó ní àwọn ń sanwó kí iṣẹ́ lè dára. Olùkọ́ ní kí wọ́n gba owó ọjọ́ náà padà bí wọ́n bá fẹ́, òun ò ní jẹ́ kí ọmọ fi èyí ránṣẹ́. Mo dìde, mo ní èmi ni mo ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má bá ọmọ wí.

Èmi ò kà á sí olè, ẹ jọ̀ọ́. Nínú iṣẹ́ ọnà tiwa, ọmọṣẹ́ á gé igi títí á fi ní ìrísí, ọ̀gá á gbà á, á fi ọ̀bẹ parí ojú àti ẹnu rẹ̀. Lamidi Fakeye ará Ìlá, ẹni tó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ọmọ ìdí iṣẹ́ ni kó tó di olùkọ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Bándélé ọmọ Arówóògùn ló ti kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ère tí wọ́n fẹ́ tà nìyẹn, oníbàárà kò bèèrè ẹni tó fá imú. Ìdánwò ń bèèrè ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ nìkan.

Ọmọ tú òṣùká mi. Ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó tú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀karùn-ún dúró, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n ta aṣọ ibùsùn funfun sí ara ògiri, wọ́n jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́, kò sí gílóòbù, kò sí fláàṣì, kí òjìji lè fi jíjìn rẹ̀ hàn, torí ẹni tó máa fún un ní máàkì kò ní fọwọ́ kan án láéláé. Mo gbé èyí tó wó sẹ́yìn ilẹ̀kùn kí àlejò má rí i. Olùkọ́ ní kí n gbé e padà wá, ó ní òun gan-an ló yẹ kó wà nínú fọ́tò 15 yẹn.

Mo ń sọ eléyìí nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbí. Visual Art ti WAEC ní iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nínú. Mo mọ ọmọ kan tí olùkọ́ lẹ́sìn rẹ̀ bá ṣe gbogbo ère tó wà nílé wọn. Ìyá rẹ̀ tò wọ́n sórí kọ́bọ́ọ̀dù, inú rẹ̀ ń dùn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé amọ̀ síwájú ọmọ níbi ìdánwò ìgbaniwọlé, ó ń wò ó bí ẹni wo ejò. Bí ẹ bá fẹ́ gba irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó fi iṣẹ́ àwọn ọmọ tó ti kọ́ hàn yín. Bí ti ọmọ mẹ́wàá bá jọra wọn, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é, ẹ di owó yín mú.

Ní oṣù keje, wọ́n pè mí ní ṣọ́ọ̀bù pé máàkì ti jáde. Ó gba 4. Mo ní ta ló mú ẹyọ kan tó kù? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ṣì ń bá òṣùká lọ, fún iṣẹ́ tí òun máa fi wá àyè ní yunifásítì, ṣùgbọ́n èyí tí alábàárù ti lò títí tó fi gba ìrísí orí ẹni tó ni ín lòun fẹ́ rí báyìí, kì í ṣe tuntun. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òṣùká ògbólógbòó nílé, tàbí tó mọ alábàárù tó fẹ́ ta tirẹ̀, kó mú un wá bá mi ní ìsọ̀ abọ́ kó tó di ọjọ́ ìpàdé. Èmi ni n ó san owó rẹ̀. Ẹ má fọ̀ ọ́ o.